Kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́ bíríìjì sórí rélùwéè l'Ékòó? Ṣé géètì kò tó ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́ fẹ́ gba orí ojú irin kọjá ní PWD, lágbègbè Ṣógúnlẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ gbá a, ó sì wọ́ ọ lọ síwájú kó tó lè dúró. Èèyàn mẹ́fà ló kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù nínú bọ́ọ̀sì náà ló fara pa. Àjọ NSIB, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú, ti ojú omi àti ti ojú irin, ló gba ìwádìí ọ̀rọ̀ náà.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dí ọ̀nà kan pa nítorí iṣẹ́ bíríìjì lójú rélùwéè, àríyànjiyàn kan náà ló ń jí dìde. Ẹnìkan á ní kí wọ́n fi géètì síbẹ̀, kí wọ́n gba ẹni tó máa di asíá mú. Ẹlòmíràn á ní tìtorí àwọn ọlọ́kọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé ara bíríìjì tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà ni. Ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé láti ìdí rẹ̀ wá.

Ṣebí ó ti pẹ́ tí rélùwéè ti wà l'Ékòó, kí ló wá yí padà?

Láti ọdún 1901 ni rélùwéè ti ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà náà, tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, oko àti igbó ló pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Mushin, Ìkẹjà àti Agége kò tíì so kọ́ra bó ṣe rí lónìí. Ìlú ló wá bá rélùwéè níbi tó wà. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i, títì tuntun ń gé ojú irin kọjá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ da ẹnikẹ́ni láàmú, torí ọkọ̀ tó ń kọjá lójúmọ́ kò pọ̀. Nígbà tí rélùwéè Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀ tán, ọjà gan-an ń kún orí irin. Àwọn oníṣòwò á gbọ́ fèrè, wọ́n á kó àtẹ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á rọra kọjá, wọ́n á sì tún tẹ́ ẹ padà.

Ohun méjì ló ba ìṣètò yẹn jẹ́. Èkíní ni rélùwéè tuntun tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà, tí iléeṣẹ́ CCECC láti orílẹ̀-èdè Ṣáínà kọ́, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Ojú irin tuntun yìí fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ: mílímítà 1,435 ló wà láàárín irin méjèèjì, 1,067 ni ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lo irú ojú irin bẹ́ẹ̀ lè sáré gan-an.

Èkejì ni Red Line, ọkọ̀ ojú irin ti ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀, tí LAMATA, àjọ tó ń rí sí ètò ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà, ń bójú tó. Apá rẹ̀ àkọ́kọ́ gùn tó 27 kìlómítà láti Agbádó dé Oyíngbò, ó sì ní ibùdókọ̀ mẹ́jọ: Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Mushin, Yaba àti Oyíngbò. Ààrẹ Bola Tinubu ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ojú irin kan náà ni òun àti ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn jọ ń lò. Ohun tí ìjọba ní lọ́kàn ni kí ó máa gbé 500,000 èèyàn lójúmọ́ tó bá yá. Kò sí bí ọkọ̀ mélòó kan lójúmọ́ ṣe lè gbé iye yẹn. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ọkọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro títì ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ọkọ̀ ojú irin kì í lè dúró bíi mọ́tò?

Rọ́bà ni táyà mọ́tò, ó máa ń di ọ̀dà mú. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, orí irin ló sì ń yí. Irin kì í fi bẹ́ẹ̀ di irin mú. Òun ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kan lè fa ẹrù ọ̀pọ̀ tírélà láìjó epo púpọ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí ìdúró rẹ̀ ṣòro. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó ń sáré lè gbà ju kìlómítà kan lọ kó tó dúró pátápátá, bí awakọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀.

Bí ọkọ̀ náà bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan rìn. Bí awakọ̀ bá tajú rí bọ́ọ̀sì lórí irin ní 300 mítà síwájú, kó tó ka ení dé ẹẹ́rìnlá, ó ti dé ibẹ̀. Kò lè yà fún un, ojú irin kò ní ẹ̀gbẹ́ tí a ń yà sí. Ohun tó tún ń tan awakọ̀ mọ́tò jẹ ni pé ohun tó bá tóbi máa ń jọ ohun tó ń rọra bọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó láti ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá rò pé òun á ti kọjá kó tó dé lè máa fi tọkàntọkàn gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣé géètì àti asíá kò lè ṣe iṣẹ́ náà?

Wọ́n lè ṣe é níbi tí ọkọ̀ ojú irin kò bá ti pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan wò ó.

Ká ní ọkọ̀ 20 ló ń dé ojú géètì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan lórí ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n ti géètì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta: ọkọ̀ 60 ti tò. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti àlàfo iwájú rẹ̀ bá gba mítà méje, ìlà náà ti gùn tó 420 mítà. Wọ́n wá ṣí géètì. Tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ọkọ̀ bíi 30 lè kọjá ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ 20 mìíràn ṣì ń dé lẹ́yìn. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ mẹ́wàá péré ló ń dín kù nínú ìlà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni yóò gbà kí títì tó là. Mẹ́ta tí géètì fi wà ní títì, mẹ́fà tí a fi ń tú ìlà, ó di mẹ́sàn-án.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí méjì ni ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ wá jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí òmíràn sì máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni wọ́n á máa ti géètì ní wákàtí kan, ìyẹn ni gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún: mẹ́ta ní títì, méjì ní ṣíṣí. Láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn, ọkọ̀ 20 péré ló máa dín kù nínú 60. 40 tó ṣẹ́ kù ni 60 mìíràn á tún tò lé lórí. Ìlà náà kò ní tán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe kankan níbẹ̀ o. Ọlọ́pàá wà, ẹni tó ń di asíá mú wà, awakọ̀ sì ń tẹ̀ lé òfin.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti ìjàǹbá kì í ṣe ọ̀ràn méjì ní irú ojú ibẹ̀. Ẹni tó ti jókòó sójú kan fún ogójì ìṣẹ́jú, tí iṣẹ́ ń pe, tí èrò inú ọkọ̀ ń pariwo lé lórí, ni ọkàn rẹ̀ ń sọ pé kó yára bọ́ sáàárín kí géètì tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ kánjú. Ó kàn tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú rẹ̀, ìyẹn dúró, ó sì bá ara rẹ̀ lórí irin, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Bíríìjì ń tú ìdè méjèèjì yìí lẹ́ẹ̀kan náà: ọkọ̀ ojú irin ń lọ nísàlẹ̀, mọ́tò ń lọ lókè, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnìkejì.

Overpass, flyover, underpass: ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Lẹ́nu wa, bíríìjì ni gbogbo wọn. Lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ l'Ékòó, flyover ni títì tó gba orí títì mìíràn tàbí oríta kọjá. Overpass ni wọ́n sábà máa ń pe èyí tó gba orí rélùwéè, bíi ti Ìkẹjà, Yaba, Mushin àti Oyíngbò tí wọ́n ṣe nítorí Red Line. Underpass ni ọ̀nà tó gba abẹ́ kọjá. Kì í gba àyè tó bẹ́ẹ̀, torí mọ́tò kò ga tó ọkọ̀ ojú irin, àmọ́ l'Ékòó tí omi kì í jìnnà sójú ilẹ̀, òjò kan lè sọ ọ́ di odò bí ẹ̀rọ tó ń fa omi kò bá ṣiṣẹ́.

Àwọn kan bèèrè ìdí tí wọn kò fi gbé ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ sókè, bí wọ́n ṣe ṣe apá kan Blue Line, ọkọ̀ ojú irin mìíràn ti ìpínlẹ̀ Èkó, láti Mile 2 dé Marina. Blue Line ní ojú irin tirẹ̀ tí wọ́n kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Red Line ń lo èyí tó ti wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò sì lè gun òkè bíi mọ́tò: bó bá jẹ́ mítà kan nínú 100 ni wọ́n fẹ́ kó máa gùn, 800 mítà ni yóò gbà kó tó gòkè mítà mẹ́jọ. Mọ́tò lè gun ibẹ̀ láàárín 200 mítà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣètò bíríìjì bẹ́ẹ̀?

Gíga ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ọkọ̀ ojú irin àti ẹrù orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àyè kọjá, bó bá sì ṣeé ṣe kí wọ́n wá fa wáyà iná sókè ojú irin lọ́jọ́ iwájú, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ìyẹn máa ń tó mítà mẹ́fà sí méje láti orí irin dé abẹ́ bíríìjì. Ìnípọn bíríìjì náà lè tó mítà kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, mọ́tò tó wà lórí bíríìjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà mẹ́jọ láti ilẹ̀, bí òrùlé ilé alájà méjì.

Ó kù bí mọ́tò ṣe máa dé òkè yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó rọrùn fún tírélà, tí wọ́n ní kí ọ̀nà máa gòkè mítà kan nínú mítà 25, ìgòkè mítà mẹ́jọ á gba 200 mítà ní apá ọ̀tún, 200 mítà ní apá òsì. Ibo lèèyàn ti fẹ́ rí 400 mítà ní Yaba tàbí Mushin tí kò sí ṣọ́ọ̀bù, mọ́ṣáláṣí, ilé epo tàbí ẹnu ọ̀nà àdúgbò? Wọ́n lè dín in kù sí ìdajì bí wọ́n bá jẹ́ kí ọ̀nà náà ga gan-an, àmọ́ tírélà tó ru ẹrù á máa mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀, èyí tí bíréèkì rẹ̀ kò dára á sì máa yí padà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí bíríìjì láàárín oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti àwọn tó nílé níbẹ̀ dá lórí mítà mélòó kan yìí. Mítà mẹ́wàá tí wọ́n bá fi kún ìgòkè lè jẹ́ ilé mẹ́ta tí wọ́n máa wó.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀. Ilẹ̀ pupa apá Agége le ju ilẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà lọ. Wọ́n á gbẹ́ ihò wò kí wọ́n lè mọ bí ilẹ̀ líle ṣe jìn tó, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa gún òpó abẹ́lẹ̀ dé. Àwọn òpó tó hàn síta gbọ́dọ̀ jìnnà sí ojú irin, kí ọkọ̀ tó bá yẹ̀ kúrò lójú irin má baà gbá wọn lulẹ̀. Wọ́n lè ti mọ àwọn ìtì kọnkéré gígùn tó máa dábùú ojú irin síbòmíràn, kí wọ́n wá fi kéréènì gbé wọn sípò lóru nígbà tí ọkọ̀ kò ní kọjá. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí i pé ọjọ́ kan péré ni bíríìjì á dà bí ohun tó yọ lójijì, lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tó dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ta ló láṣẹ lórí rẹ̀?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin gbà láyè láti ṣòfin lórí rélùwéè. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àtúnṣe ìwé òfin tó fún àwọn ìpínlẹ̀ náà lágbára lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ojú irin tí Red Line ń lò jẹ́ ti iléeṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà, NRC, Èkó sì ní láti bá wọn ṣe àdéhùn. Nítorí náà, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ibi tí títì ti gé irin, ẹni tó ni irin, ẹni tó ni ọkọ̀ àti ẹni tó ni títì lè jẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Aráàlú kì í mọ ẹni tí wọ́n máa di ẹjọ́ náà rù.

Kí ni àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń sọ?

Àwọn tó ń tajà ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Ilé tó bá wà lójú ọ̀nà bíríìjì á di wíwó, owó gbà-máà-bínú a sì máa bọ́ sọ́wọ́ onílé ju ayálégbé lọ, bẹ́ẹ̀ ayálégbé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí wọn kò wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: oníbàárà tó máa ń yà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wà lókè báyìí, ó ń kọjá lọ.

Àwọn awakọ̀ ní ìrora tó wà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ kọjá ohun tí ìjọba ń kà sí. Wọ́n tún ní bíríìjì a máa kó ìdíwọ́ kúrò lójú rélùwéè lọ sí ẹsẹ̀ bíríìjì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti sọ̀ kalẹ̀, bí dáńfó bá ń dúró gbé èrò, tí Márúwá sì ń ṣẹ́rí padà, ọkọ̀ tó bọ́ kíákíá láti òkè á tò síbẹ̀ títí dé orí bíríìjì. Ètò tó bá pé a máa ya àyè sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ẹsẹ̀ bíríìjì, kò sì ní jẹ́ kí oríta mìíràn sún mọ́ ọn jù.

Èrò kẹta ni pé owó bíríìjì kan lè ra géètì tó ń ti ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oríta, kí wọ́n sì dí àwọn ibi kéékèèké tí èèyàn ń gbà kọjá lórí irin pa. Ìdáhùn àwọn tó ń ṣètò ìrìnnà ni pé irú géètì bẹ́ẹ̀ nílò iná tí kì í ṣẹ́jú àti àtúnṣe lóòrèkóòrè, àti pé kò yanjú ìṣirò ìlà ọkọ̀ tí a ṣe lókè. Níbi tí títì kò bá ti kún, ọ̀rọ̀ géètì yẹn ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gan-an.

Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ńkọ́?

Àwọn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ àwọn ló sì pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá ti fi ọgbà dí ẹ̀gbẹ́ irin, ìyá tó ń gbé apá kan, tó ń tajà ní apá kejì, kò lè gba ibi tó ti ń gbà láti ọdún tó ti pẹ́. Wọ́n á ní kó gba orí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀. Bí bíríìjì náà bá ga tó mítà méje, tí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sì ga tó 17 sẹ̀ǹtímítà, àtẹ̀gùn 41 ni, pẹ̀lú igbá lórí, kó tó tún sọ 41 mìíràn kalẹ̀. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gun àtẹ̀gùn rárá. Ọ̀nà tó rọra ń gòkè ló nílò, mítà 12 fún gíga mítà kan, ìyẹn 84 mítà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí kò bá sí ìyẹn, tí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ sì jìnnà sí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, àwọn èèyàn á dá ọgbà lu, wọ́n á sì tún máa sáré gba orí irin, lójú ọkọ̀ tó ti ń yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀rọ̀ ìwà wọn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọ́ bíríìjì sí ló ń sọ ẹni tó máa lò ó.

Ṣé bíríìjì fúnra rẹ̀ kò léwu?

Ó léwu bí wọn kò bá ṣètò rẹ̀ dáadáa, tàbí bí wọn kò bá ṣàkóso ohun tó ń gbà á. Ní Ojúẹlẹ́gba, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà kan já bọ́ láti orí bíríìjì, ó sì pa èèyàn mẹ́ta nínú ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, níbẹ̀ kan náà, kọ̀ǹténà mìíràn já lu bọ́ọ̀sì èrò, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Kọ̀ǹténà tí wọn kò bá fi irin kọ́ mọ́ ara tírélà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dúró nípa ìwúwo rẹ̀ nìkan. Ìgòkè tó ga jù àti kọ́nà tó ṣẹ́ lójijì lè gbé e ṣubú. Lórí rélùwéè, ohun tó bá já bọ́ lè bá ọkọ̀ tó kún fún èrò, ìdí nìyí tí ògiri ẹ̀gbẹ́ irú bíríìjì bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ga, kó sì le ju ti àwọn yòókù lọ.

Abẹ́ rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, iná jó lábẹ́ Eko Bridge ní Apọ́ngbọ̀n, níbi tí àwọn oníṣòwò pàtẹ sí. Kọnkéré tí iná bá jó pẹ́ a máa fọ́, irin inú rẹ̀ a sì máa dẹ̀. Wọ́n ní láti ti apá ibẹ̀ pa kí wọ́n fi tún un ṣe.

Kí ló yẹ kí ẹni tó ń gbé nítòsí máa bèèrè?

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè ti wúlò, torí tí òpó bá ti wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa hú u mọ́. Mélòó ni ìgòkè rẹ̀ nínú 100 mítà? Ibo ni ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, ṣé kẹ̀kẹ́ arọ lè gba ibẹ̀? Ibo ni bọ́ọ̀sì máa dúró sí lẹ́yìn ẹsẹ̀ bíríìjì? Ibo ni omi òjò orí rẹ̀ máa ṣàn gbà? Ṣé ayálégbé wà nínú àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún owó gbà-máà-bínú? Àti àwọn ojú ibi tí bíríìjì kò bá ní dé, ta ló ń ti géètì ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ta ló sì máa ti i lọ́jọ́ tí onítọ̀hún kò bá lè wá?